Bí A Ti Ń Fi Ihò Kan Ka Inú Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí A Rí Kọ́ ní Bàrígà

Nígbà tí a bẹ kíláàsì wa pé kí ó fi nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí nípa ẹ̀kọ́ ilẹ̀ tí a ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a kọ́kọ́ rò pé a óò kọ nípa òkè àti odò, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn tó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní, "Ohun tí ojú tó, ta ni kò lè ròyìn rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kọ nípa èyí tí ojú kò tó." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Nítorí náà ni a fi yan ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí a sinmi láti ọjọ́ tí a ti lọ wo ibi tí a ti ń gbẹ́ kànga ní Bàrígà: báwo ni a ti ń mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, bí ó ti jìn tó, bí ó ti nípọn tó, àti ibi tí ó pin sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ihò kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju ẹnu àwo ọbẹ̀ lọ ni a lu?

Àwọn àgbà ilé wa a máa wí pé inú ilẹ̀ dàbí inú ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n oníṣègùn a máa fi etí lé àyà aláìsàn, a sì máa mọ ohun tí ń ṣe é láì la àyà náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ròyìn fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí a dúró lé. Ẹni tí ó bá lọ sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ-Bàrígà ní òwúrọ̀, yóò rí àwọn apẹja tí wọ́n ń dé, yóò rí afárá gígùn tí a parí ní ọdún 1990 tí ó na ara rẹ̀ lórí omi, yóò sì rí àwọn ọkọ̀ onígi tí a fi ìgbòkun gbé, tí wọ́n kún fún yanrìn tútù dé ẹnu. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n rì sísàlẹ̀ ọ̀sà tí wọ́n fi garawa bù ú wá sókè. A kì í sábà ka yanrìn yìí kún àlùmọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n àlùmọ́ọ́nì ni, òun ni a sì fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé Èkó. Ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ará Bàrígà kò sì yàtọ̀ sí i: yanrìn, lẹ́yìn rẹ̀ amọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ yanrìn mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀ amọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sísàlẹ̀ títí.

Bí ẹ bá tẹ́ ẹní púpọ̀ lé ara wọn lórí, tí ẹ sì fi àpótí kékeré kan sábẹ́ etí wọn kan kí ó lè ga ju èkejì lọ, ẹ ti rí bí ilẹ̀ wa ti rí. Etí tí ó ga ni apá Abẹ́òkúta, níbi tí òkúta líle àtayébáyé ti yọ sókè; etí tí ó rẹlẹ̀ ni ìhà òkun. Ẹní tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí a ń pè ní ọ̀wọ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, yọ sí gbangba ní òkè, ṣùgbọ́n bí a bá tọ̀ ọ́ wá sí ìhà gúúsù, yóò máa wọlẹ̀ lọ, àwọn ẹní mìíràn yóò sì máa bò ó. Nígbà tí ó bá fi dé abẹ́ Èkó, ó ti wọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà. Láàárín rẹ̀ àti ojú ilẹ̀ ni òkúta ẹfun Ewékorò wà, èyí tí a ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe gbogbo àkójọ ẹní yìí ní àwo Dahomey. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Ghana, ó gba Togo àti Benin kọjá, ó sì dé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Nínú ẹní ìsàlẹ̀ yìí ni ọ̀dà ilẹ̀ wà. Ó yọ sí gbangba ní ìgbànú tóóró kan tí ó gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti apá Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba agbègbè Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá, títí dé ìpínlẹ̀ Edo. Ní ìlú Agbábù, nígbà tí oòrùn bá mú, ọ̀dà yìí a máa rọ̀, a sì máa sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ, tí púpọ̀ nínú wọn fi Bàrígà ṣe ilé, kò ṣàjèjì sí i, nítorí pé etí òkun tiwọn kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, wá sí agbègbè náà láti wá epo rọ̀bì. Wọ́n lu ihò púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a ń pè ní NBC-7, tí a lù ní ọdún 1910, ni àwọn ará Agbábù ṣì máa ń fi han àlejò. Ní ọdún 1914 ogun dé, iṣẹ́ sì dúró. Ohun tí ó ya wá lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni ìwọ̀nba ohun tí irú ihò bẹ́ẹ̀ lè sọ ní ayé ìgbà náà. Bí irin ti ń fọ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀, èérún rẹ̀ ni a ń gbé wá sókè pẹ̀lú ẹrẹ̀. Èérún tòní a máa dàpọ̀ mọ́ ti àná. Amọ̀ tí ó ya láti ẹ̀gbẹ́ ihò lókè a máa bọ́ sílẹ̀ kí ó sì bá yanrìn ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tí ń wo èérún dàbí ẹni tí a fún ní ìwé tí a ti fà ya, tí afẹ́fẹ́ sì ti da ojú ewé rẹ̀ rú. Ìwé náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò tò ó?

Ọ̀nà tí a fi ń tò ó wá láti ilẹ̀ Faransé. Conrad Schlumberger, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn awakùsà ní Paris, ti rò ó pé bí òkúta kọ̀ọ̀kan bá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti jẹ́ kí agbára mànàmáná kọjá nínú rẹ̀ tàbí láti dí i lọ́wọ́, a lè fi agbára náà bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1911 ó bu yanrìn sínú ọpọ́n ńlá kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò bí ọmọdé tí ń ṣeré. Òun àti àbúrò rẹ̀, Marcel, lọ́wọ́ sí i fún ọdún púpọ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ara wọn pé, bí a bá lè bi ilẹ̀ léèrè láti òkè, kí ni ó dé tí a kò fi sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í léèrè nínú ihò? Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, ní Pechelbronn ní Alsace, Henri Doll, tí ó fẹ́ ọmọbìnrin Conrad, sọ ohun èlò kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so pọ̀ sínú kànga epo. Wọ́n dúró ní mítà kan, wọ́n ka ohun tí ẹ̀rọ wí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fà á sókè ní mítà kan sí i, wọ́n tún dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi ní ìlà kan lórí ìwé tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ọ̀nà ejò. Ìlà náà ni ìwé àkọ́kọ́ tí ihò kan fúnra rẹ̀ kọ.

Kí ni ìlà náà ń sọ? Ohun èlò náà rán agbára mànàmáná wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ihò, ó sì wọn bí ilẹ̀ náà ti dí i lọ́wọ́ tó. Òkúta gbígbẹ àti yanrìn gbígbẹ kò fẹ́ kí mànàmáná kọjá. Omi ni ó ń gbé e, iyọ̀ inú omi ni ó sì ń jẹ́ kí omi lè gbé e dáradára. Nítorí náà, omi òkun kò ní ìdènà tó óòmù-mítà kan; amọ̀ tútù a máa ní díẹ̀; yanrìn tí omi dídùn kún inú rẹ̀ a máa ní mẹ́wàá-mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún; òkúta líle Abẹ́òkúta a máa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Yanrìn tí ọ̀dà tàbí epo kún inú rẹ̀ a máa ga pẹ̀lú, nítorí pé epo kò fẹ́ràn mànàmáná.

Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn méjì tí ó gbẹ̀yìn yìí dáradára yóò ti rí ọ̀fìn tí ó wà níbẹ̀. Bí ìlà bá ga, omi dídùn ni àbí ọ̀dà? Bí ó bá rẹlẹ̀, amọ̀ ni àbí yanrìn oníyọ̀? Ìlà kan kò lè dáhùn. Àwa pẹ̀lú ṣubú sínú ọ̀fìn yìí, a óò sì sọ ọ́ láìpẹ́.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ohun èlò kejì kò gbọdọ̀ ṣàìbá ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú gbogbo ilẹ̀ ni ìwọ̀nba potassium, uranium àti thorium wà, àwọn wọ̀nyí a sì máa ta ìtànṣán gámà láìdákẹ́, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Amọ̀ ni ó ní wọn jù. Yanrìn mímọ́ àti òkúta ẹfun ní díẹ̀. A sọ ohun èlò tí ń ka ìtànṣán sínú ihò, kò sì sí nǹkan tí a ní láti rán jáde; etísílẹ̀ lásán ni. Níbi tí ìkà bá ti pọ̀, amọ̀ ni a óò fura sí. Níbi tí ó bá ti dínkù, yanrìn tàbí òkúta ẹfun. A gbọ́dọ̀ sọ pé a lè rí yanrìn kan tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ olópotassium nínú, tí yóò sì tan ẹni tí ó bá ń kánjú jẹ. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ Èkó òfin náà sábà máa ń dúró. Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀: ìtànṣán gámà a máa gba inú páìpù kọjá, nígbà tí ó jẹ́ pé bí a bá ti ri páìpù sínú kànga, ọ̀nà ti dí fún mànàmáná. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ìdènà gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí ihò wà ní ìhòòhò.

Àwọn ohun èlò mìíràn wà tí a kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọ̀kan ń wọn bí ihò ti fẹ̀ tó; ọ̀kan ń rán ìró gba inú òkúta kọjá, a sì ń wo bí ó ti yára tó; ọ̀kan ń fi ìtànṣán láti ara caesium wọn bí ilẹ̀ ti wúwo tó. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn tí ń wá èédú fẹ́ràn, nítorí pé èédú fúyẹ́ púpọ̀ ju òkúta tí ó yí i ká lọ: níbi tí a bá ti ní irú èédú tí a rí ní Ẹnúgu ní ọdún 1909, ìlà náà a ṣubú lójijì bí ẹni tí ó já sínú kòtò. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ta irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002 a jí méjì nínú irú rẹ̀, èyí tí a fi americium àti beryllium ṣe, lójú ọ̀nà ní ìhà Niger Delta. Ní Jámánì ni a ti rí wọn ní ọdún 2003, láàárín àlòkù irin. A sọ èyí nítorí pé a mọ̀ pé àwọn ọmọ tí a óò kọ́ a máa ṣa irin.

Ó tó àkókò wàyí kí a padà sí Bàrígà.

Ilé kan wà ní ìhà ọ̀sà níbẹ̀ tí ẹbí mẹ́wàá ń gbé inú rẹ̀. A óò máa pe ẹni tí ó ni ilé náà ní Ìyá Onílé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayalégbé ń pè é. Màmá yìí ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan rí, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní bóhóòlù. Ọdún kìn-ín-ní omi rẹ̀ dùn; ọdún kejì ọṣẹ kò hó nínú rẹ̀ mọ́; ọdún kẹta a kò lè fi se ẹ̀wà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ọmọdé sì ń pẹ́ dé ilé-ìwé nítorí kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí a kí i, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iyọ̀ ni mo fi owó àjọ ọdún méjì rà. Ẹ bá mi wò ó kí n má tún rà á."

Agbẹ́kànga tí ó gba iṣẹ́ tuntun náà kò fẹ́ kí a sọ ohun èlò kankan sínú ihò. Ó ní, "Ìyá, owó ni ẹ fẹ́ fi ṣòfò. Kànga tí mo ti gbẹ́ ní àdúgbò yìí kò lóǹkà. Bí yanrìn bá ti jáde, mo mọ̀ ọ́n." Ìyá náà wò ó, ó ní, "Ẹni tí ó gbẹ́ ti ìṣáájú náà mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó lọ yá owó díẹ̀ kún ti ọwọ́ rẹ̀, a sì ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan tí ó ní àwọn ohun èlò náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìgbẹ́lẹ̀, onímọ̀ ilẹ̀ yìí ti kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ti fi mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò láti òkè. Ó sọ fún wa pé láti nǹkan bí mítà 30 lọ dé mítà 60 àti díẹ̀, ìdènà ilẹ̀ náà kéré gidigidi. Nígbà tí ìgbẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwa ni a fi iṣẹ́ èérún lé lọ́wọ́. Ní mítà 3, 3, a bu èérún sórí àpò tí a tẹ́ sílẹ̀, a kọ iye mítà sí i, a fi ọwọ́ fọ́ ọ, a sì kọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wa púpọ̀, ìgbéraga díẹ̀ sì wọ̀ wá. Láti mítà 30 dé 64, ohun tí ó ń jáde jẹ́ eléérú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹrẹ̀ sì kún inú rẹ̀. A rántí ohun tí ìyẹ̀wò òkè wí. A kọ "amọ̀" láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì fi ìlà pupa fà á nídìí bí ẹni tí kò ní padà sídìí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láti 64 dé 85, yanrìn mímọ́ ni. Agbẹ́kànga wo ìwé wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Amọ̀ tí ó nípọn tó mítà 34 ni ó bo omi yìí. Iyọ̀ ibo ni yóò gbà á kọjá?" Ó fẹ́ ri páìpù alásẹ́ sínú yanrìn ìsàlẹ̀, kí ó da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká títí dé òkè, kí ó sì fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu kànga nìkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni onímọ̀ ilẹ̀ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, ó so ohun èlò tí ó gùn bí ọmọ odó mọ́ ẹnu wáyà, ó sì sọ ọ́ sínú ihò. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà á sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìlà méjì sì ń jáde lójú ẹ̀rọ: ìlà ìdènà àti ìlà gámà. Gbogbo wa kóra jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà ìdènà ga láti 85 dé 64, gẹ́gẹ́ bí a ti retí. Ó ṣubú ní 64, ó sì wà nísàlẹ̀ títí dé 30. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ìlà gámà kò bá a rìn. Láti 64 dé 50, ó ga: amọ̀ ni. Ní 50 ó já sílẹ̀, ó sì dúró sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 36, kí ó tó tún gòkè láti 36 dé 30.

Onímọ̀ ilẹ̀ yíjú sí wa, ó béèrè pé, "Kí ni ó wà láàárín 36 sí 50?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìkà gámà kéré, nítorí náà kì í ṣe amọ̀. Yanrìn ni. Ìdènà rẹ̀ sì kéré bí ti amọ̀. Yanrìn tí ìdènà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, omi oníyọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Mítà 14 yanrìn oníyọ̀ ni a ti kọ "amọ̀" sí, tí a sì fi ìlà pupa fà nídìí. Ẹrẹ̀ tí agbẹ́kànga ń lò láti fi lu ilẹ̀, àti amọ̀ tí ó ya láti òkè, ni ó bo yanrìn náà mọ́ wa lójú.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Bí a bá da òkúta wẹ́wẹ́ yí páìpù ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ láti inú yanrìn oníyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi dídùn. Amọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ní wúlò mọ́, nítorí pé àwa fúnra wa ni a ti lu ihò gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọdún kìn-ín-ní omi ìbá dùn. Ní ọdún kejì ọṣẹ kò ní hó. A kò mọ̀ dájú bóyá bẹ́ẹ̀ ni kànga àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pa ìwé kankan mọ́ nípa rẹ̀. Agbẹ́kànga dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A yìn ín fún ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà: kò jiyàn, ó da òkúta wẹ́wẹ́ yí páìpù alásẹ́ nìkan ká, ó sì fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù láti ibi amọ̀ ìsàlẹ̀ gba inú yanrìn oníyọ̀ kọjá. Ìwé tí a kọ "amọ̀" sí ṣì wà lára ògiri kíláàsì wa. Olùkọ́ wa kò jẹ́ kí a yọ ọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, ìtàn omi ni ẹ sọ yìí, àlùmọ́ọ́nì ni ẹ sì ṣèlérí. Ọ̀nà kan náà ni. Ní Agbábù, ohun tí a ń wá ni ìlà ìdènà tí ó ga níbi tí ìlà gámà ti rẹlẹ̀: yanrìn tí ọ̀dà kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn tí omi dídùn kún inú rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Nígbà náà ni a gbọ́dọ̀ lo irin oníhò tí ń gé òkúta yípo, kí a lè fa odidi òkúta sókè bí ẹni fa ọmọ inú iṣu tí ó gùn, kí a sì fi ojú wo ọ̀dà inú rẹ̀. Èyí wọ́n ju èérún lọ, nítorí náà a kì í ṣe é ní gbogbo ihò; ihò díẹ̀ ni a ń ṣe é sí, a ó sì fi wọn kọ́ ara wa bí a óò ti ka ìlà àwọn yòókù. Ní ọdún 1942, G. E. Archie, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò so ìdènà òkúta pọ̀ mọ́ iye àyè tí ó wà nínú rẹ̀ àti iye omi tí ó wà nínú àyè náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti sọ, kì í ṣe pé epo wà níhìn-ín nìkan, ṣùgbọ́n bí ó ti pọ̀ tó. Ìṣirò rẹ̀ dára jù lọ níbi tí omi inú òkúta bá ní iyọ̀. Níbi tí omi bá dùn, bí ó ti ń rí ní apá òkè ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá lò ó láìronú yóò ka omi sí ọ̀dà.

Wúrà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Segilola, ní agbègbè Iléṣà, níbi tí a ti yọ́ wúrà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù keje ọdún 2021, gíráàmù díẹ̀ ni ó wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Kò sí ohun èlò ìdènà tàbí ti gámà tí ó lè rí èyí. Ibi tí òkúta ti sán, àti àwọn ohun tí ó sábà máa ń bá wúrà rìn, ni ohun èlò lè fi hàn. Odidi òkúta tí a fà sókè tí a sì lọ̀ kúnná ni yóò sọ ti wúrà fúnra rẹ̀.

Báwo ni ihò púpọ̀ ti ń di àwòrán ilẹ̀? Bí a bá ní ìlà láti ihò méjì, a óò gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a óò sì wá ibi tí wọ́n ti jọra, bí ẹni tí ń fi ìlà ojú mọ ọmọ ìyá kan náà. Bí orí yanrìn ọlọ́dà bá wà ní mítà 20 nínú ọ̀kan, tí ó sì wà ní mítà 35 nínú èkejì, a mọ̀ pé ó ń wọlẹ̀ lọ láti ti ìṣáájú sí ti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ihò méjì kò lè sọ ibi tí ó kọjú sí gan-an. Ẹ̀kẹta tí kò sí lórí ìlà kan náà pẹ̀lú wọn ni yóò sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ mẹ́ta ti tó fún àga láti dúró. Lẹ́yìn náà ìṣirò kù. Ká ní yanrìn náà nípọn ní mítà 10, tí ó sì tẹ́ dé kìlómítà kan ní ìbú àti kìlómítà kan ní òòró: mítà kúbíìkì 10,000,000 ni. Bí ọ̀dà bá gba ìdá 10 nínú 100 rẹ̀, 1,000,000 ni tí ọ̀dà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìṣirò yìí gbà pé kò sí ohun tí ó yí padà láàárín ihò sí ihò. Odò àtijọ́ lè ti gé yanrìn náà kúrò, ilẹ̀ sì lè ti sán kí apá kan rì. Nítorí èyí ni a fi ń lu ihò sí i láàárín, tàbí kí a rán mànàmáná láti inú ihò kan kí a sì gbà á nínú èkejì.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá rán lọ sí ilé-ìwé tí kò ní ohun èlò kankan lè fi ẹ̀kọ́ yìí han àwọn ọmọ. Wá bátìrì onígun kékeré, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 9, wáyà méjì, ìṣó méjì, àti iná pupa kékeré tí ń tàn lójú rédíò. So wọ́n pọ̀ kí ìṣó méjèèjì wà ní ìpẹ̀kun. Bí iná kò bá tàn rárá, yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Kó yanrìn tí a ti fọ̀ sínú ike mẹ́ta. Da omi òjò sí èkíní, omi oníyọ̀ sí èkejì, kí o sì fi òróró pò yanrìn gbígbẹ nínú ẹ̀kẹta. Ki ìṣó bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àyè àárín wọn má ṣe yí padà. Nínú èkejì iná yóò tàn kedere. Nínú èkíní yóò ṣe bàìbàì. Nínú ẹ̀kẹta kò ní tàn. Lẹ́yìn èyí, fi aṣọ bo àwọn ike náà, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi iná nìkan sọ èyí tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù. Ní ọjọ́ kejì, fi ike amọ̀ tútù kún wọn láì sọ fún wọn. Àwa ti ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ariwo tí wọ́n pa nígbà tí a ṣí aṣọ kò kéré.

Ìyá Onílé gba ìwé tí onímọ̀ ilẹ̀ fún un, ó ká a, ó sì fi í sínú àpótí tí rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá rántí iye kànga tí a ti lù ní Bàrígà àti Ṣómólú láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ óò mọ ìdí tí èyí fi dùn mọ́ wa. Kò pẹ́ kò jìnnà, aládùúgbò rẹ̀ kan, ilé kẹta sí tirẹ̀, wá béèrè pé ṣé òun lè rí ìwé náà, nítorí pé òun pẹ̀lú fẹ́ lu kànga ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Màmá kò jẹ́ kí ìwé kúrò nílé. Ó ránṣẹ́ sí wa pé kí ẹnìkan nínú wa tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wá fi wáhàlà dà á kọ. Mẹ́ta nínú wa lọ ní ọjọ́ Sátidé, a sì da á kọ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún aládùúgbò náà, ọ̀kan fún wa, kí a lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ihò tuntun náà yóò kọ.